Àlàó, ihò kékeré kan wà lọ́wọ́ tírọ́lì

Gillingham, Kent,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àlàó ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí Ìyá Ìbejì, mo kí àwọn ìbejì náà, mo sì kí Màmá. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òtútù ti dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lọ jìnnà tí ilẹ̀ fi ń ṣú, èèyàn á kàn máa wá oòrùn kiri bí ẹni wá abẹ́rẹ́.

Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní ọmọ kan tó ń ṣe kádì, àwọn tó ń bá àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù gbé báàgì, sọ fún ọ pé tírọ́lì gọ́ọ̀fù, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé báàgì lókè òkun, máa ń ṣáàjì fóònù, ìwọ sì sọ fún un pé irọ́ ni. Àlàó, bẹ ọmọ náà. Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń tọ́jú wọn lójoojúmọ́. Mo fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ó sì kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gan-an, ni mo ṣe ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́.

Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan tí kò jìnnà sílé wa. Tírọ́lì méjìlá tí a fi ń yá àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀. Kí n tó ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, mo ti yọ bátìrì gbogbo wọn, mo ti tò wọ́n sórí pẹpẹ, mo ti ki ṣájà bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná pupa méjìlá á máa tàn nínú òkùnkùn. Tí mo bá fi máa dé láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo máa ń dúró wò wọ́n díẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí mo máa ń rántí ṣọ́ọ̀bù rẹ, àti bí o ṣe máa ń sùn síbẹ̀ nítorí pé o ò mọ ìgbà tí iná máa dé.

Bí tírọ́lì náà ṣe rí nìyí. Táyà ńlá méjì lẹ́yìn, kékeré kan níwájú. Mọ́tò iná wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, bátìrì sì jókòó sórí àtẹ kékeré kan nísàlẹ̀ báàgì. Ibi tí èèyàn ń dì mú ni bọ́tìnì wà. O máa yí i bí ìgbà tí èèyàn ń yí rédíò, nọ́ńbà á jáde lójú rẹ̀, tírọ́lì á sì máa bá ọ lọ níwọ̀n bí o ṣe ń rìn. Lábẹ́ ojú tí nọ́ńbà ti ń hàn yẹn ni ihò USB wà. Kò ju èékánná lọ, wọ́n fi rọ́bà dúdú bò ó. Wáyà fóònù tí gbogbo wa ń lò ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, fóònù á sì jókòó sórí ohun tí wọ́n ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́, á máa mu iná bí ẹ ṣe ń lọ.

Kì í ṣe àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. PowaKaddy, tí ibùjókòó wọn wà ní Sittingbourne nítòsí wa níbí, ti gbé tírọ́lì oníná jáde láti 1983, Motocaddy sì dé ní 2004. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni tírọ́lì ń ṣe nígbà yẹn, kó gbé báàgì. Bátìrì olójé ni wọ́n ń lò, irú èyí tí ìwọ àti èmi jọ máa ń gbé jáde lábẹ́ mọ́tò, ó tó kílò mẹ́wàá. Tí o bá fà á jù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló máa wá ní kí ó tún máa bọ́ fóònù? Lítíọ́mù ló yí ọ̀rọ̀ padà. Bátìrì tí mo ń gbé báyìí kò ju kílò méjì àti díẹ̀ lọ. LiFePO4 ni, oríṣi bátìrì lítíọ́mù tí wọ́n fi irin àti fọ́sífétì ṣe, èyí tí àwọn oní-ìnfátà ti ń kó wọlé sí Ìbàdàn. Bàbá kan tó ń jẹ́ John Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Texas ló fi hàn ní bí 1997 pé irin àti fọ́sífétì lè gba lítíọ́mù mọ́ra dáadáa. Nígbà tí wọ́n fún bàbá náà ní ẹ̀bùn Nobel ní 2019 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bátìrì, ẹni ọdún 97 ni.

Ìwọ tí o fẹ́ràn ìṣirò, wò ó. Bátìrì tí a ní, èyí tó lè gbé tírọ́lì yí gbogbo ihò 18 tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí lórí pápá ká, jẹ́ fólítì 12.8, ám̀pù-wákàtí 16. Fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì-wákàtí 205, iye iná tí bátìrì náà lè gbé nìyẹn. Ihò USB ń gbé fólítì 5 jáde, ká ní ám̀pù kan, wáàtì 5 nìyẹn. Bí wákàtí mẹ́rin ni èèyàn fi ń gbá ihò 18. Gbogbo ohun tí fóònù máa mu kò ju wáàtì-wákàtí 20 lọ, ìdá kan péré nínú mẹ́wàá. Tírọ́lì á gun òkè, á sọ̀kalẹ̀, á rin kìlómítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, bátìrì á sì ṣì tún kù. Bátìrì tó bá ti gbó nìkan ni mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ṣáàjì nǹkan, pàápàá nígbà òjò tí ilẹ̀ bá rọ̀ tí táyà ń jìjàkadì.

O máa bi mí pé kí ni wọ́n ń fi fóònù ṣe lórí pápá. Nígbà tí àwa ń gbé báàgì, ojú wa ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. Láti 2019, òfin gọ́ọ̀fù ti gba gbogbo èèyàn láyè láti fi ẹ̀rọ wo bí ihò ṣe jìnnà tó, àfi tí ẹgbẹ́ kan bá fòfin de é. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ń lò. Yóò máa bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á máa tàn, kí wọ́n tó dé ihò 12, ó ti kú.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n mú ihò kékeré yìí ní pàtàkì kì í ṣe ti gọ́ọ̀fù rárá.

Bàbá kan wà, ẹni ọdún 78, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń wá, òun nìkan ló sì máa ń gbá a látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àtọ̀gbẹ ń ṣe é. Nǹkan róbótó kan tó tó ìdérí ìgò wà lẹ́yìn apá rẹ̀, òun ló ń ka ṣúgà inú ara rẹ̀, tó ń fi í ránṣẹ́ sí fóònù. Tí ṣúgà bá ti ń já wálẹ̀ jù, fóònù á ké. Ní oṣù tó kọjá, ó dé, ó ti fẹ́ jáde sórí pápá, mo wá rí fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: bátìrì rẹ̀ ku 6 nínú 100. Ó ní òun gbàgbé láti ṣáàjì rẹ̀ mọ́jú. Afẹ́fẹ́ tútù ọjọ́ yẹn náà kò dẹ̀, òtútù sì máa ń tètè fa bátìrì fóònù gbẹ. Tírọ́lì tirẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, kò ní ihò kankan. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ.” Mo yọ báàgì rẹ̀, mo so ó mọ́ ọ̀kan nínú tiwa, mo fi wáyà tèmi sí i, mo dúró títí mo fi rí àmì mànàmáná lójú fóònù náà. N ò gba owó ìyálò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mò ń ṣe bí ìyá òun.

Àlàó, wákàtí mẹ́rin yẹn gùn lójú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jáde lọ dúró lẹ́bàá ihò 9 láti wò ó bóyá mo máa rí i. O mọ ìdí. Ìwọ náà lo gbé Bàbá mi pọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé wárápá ni, àṣé ṣúgà wọn ló já. Òógùn wọn rin ẹ̀wù rẹ gbindin. N kò gbàgbé.

Nígbà tí bàbá òyìnbó yẹn padà dé, bátìrì fóònù rẹ̀ ti di 78 nínú 100, iye ọdún rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní fóònù náà ké lẹ́ẹ̀kan, ní ihò 14, òun sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òun jẹ bisikíìtì, ara òun sì balẹ̀.

Látìgbà náà, mi ò fi ihò yẹn ṣeré mọ́. Mo ti ṣe àṣìṣe kan tẹ́lẹ̀ ní tèmi. Mo gbàgbé láti dé rọ́bà orí ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan tí òjò ń rọ̀ gan-an. Nígbà tí mo máa yẹ̀ ẹ́ wò, irin inú rẹ̀ ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé bí ìdọ̀tí orí bátìrì mọ́tò. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti spírítì ni mo fi fọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ó sì gbà. Báyìí, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń ṣí rọ́bà méjèèjìlá, mo sì ń fi fóònù tèmi dán wọn wò.

Ó kù ohun tí o sọ ní ìparí ọ̀rọ̀ rẹ, pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé irú ẹ̀rọ yìí máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ kádì. Mo rò ó dáadáa, torí èjìká èmi náà mọ báàgì. Igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, 14 ni òfin gbà, bọ́ọ̀lù, omi, agbòjò, gbogbo rẹ̀ lórí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lábẹ́ oòrùn. Ṣé ìyẹn ni iṣẹ́ kádì? Ta ló ń wá bọ́ọ̀lù nínú igbó? Ta ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti dagun lórí bíráùn wa àtijọ́, ojú ilẹ̀ tó yí ihò ká, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo, tí a máa ń fi igi fà kó tẹ́jú? Ẹ̀rọ kankan kò lè sọ fún ọ̀gá pé kó fọwọ́ rọra gbá èyí. Ní St Andrews ní Scotland, tí tírọ́lì ti wà fọ́dún pípẹ́, kádì ṣì ń bẹ níbẹ̀, wọ́n sì ń rí owó gidi. Tí tírọ́lì bá dé ọ̀dọ̀ yín, kó gbé báàgì, kí ọmọ máa bá a rìn, kí owó rẹ̀ má dín kọ́bọ̀ kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tètè bá àwọn ọ̀gá sọ nìyẹn, kí ẹ̀rọ tó dé, kí ó má jẹ́ lẹ́yìn tó bá dé. Kí fóònù ọmọ náà sì máa mu iná lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé o rántí pé owó ṣáàjì la máa ń kọ́kọ́ yọ nínú owó tí wọ́n bá san fún wa?

O ní kí n mú ọ̀kan bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Tírọ́lì, bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ká. Bátìrì ni kò ṣeé ṣe. Wáàtì-wákàtí 100 ni ọkọ̀ òfuurufú gbà láìbéèrè, tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, 160. 205 ni tiwa. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi ni. Nítorí náà, ìwọ ni kí o ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì LiFePO4 mẹ́rin, fólítì 3.2 ọ̀kọ̀ọ̀kan, so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, 12.8 lo ní yẹn. Má ṣe é láìfi BMS sí i, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì kó má bàjẹ́, mo bẹ̀ ọ́, mo mọ̀ ọ́, o lè ní o kàn fẹ́ dán an wò. Ẹ̀rọ tó máa sọ fólítì 12 di 5 fún ihò USB, kí ó jẹ́ ojúlówó, má fi rẹsítọ̀ jẹ́rẹ́gẹ́jẹ́rẹ́gẹ́ dá ọgbọ́n sí i, torí fóònù olówó ńlá làwọn èèyàn máa kì bọ̀ ọ́. Tírọ́lì tí mo máa mú wá kò ní jẹ́ ti fólítì 28 tí wọ́n ń ṣe báyìí, ti 12 ni màá mú wá, kí mọ́tò lè bá bátìrì rẹ mu.

Àtẹ tí bátìrì máa jókòó lé, màá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Ajé, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, gígùn, ìbú àti gíga. Ìwọ náà, lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta sẹ́ẹ̀lì náà báyìí, kí o sọ fún mi kí n mọ ohun tí màá fi ránṣẹ́. Bá mi kí ọmọ kádì yẹn, kí o sì sọ fún un pé mo ní kó máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ so ó pọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànní