Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, tó fẹ́ dá lọ sí etíkun Wales

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ètò ìrìn àjò tí o fi ránṣẹ́. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo ń lọ síbi iṣẹ́ òru, mo tún kà á láàárọ̀ nígbà tí mo dé. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ dùn ọ́, nígbà tó ní kí ni ọmọbìnrin kan ń dá wá kiri etí òkun, ṣé kò lọ́rẹ̀ẹ́ ni. Má bínú sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá rí ẹni tó ń dá rìn, ohun tí a máa ń bèèrè ni ẹni tó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ti dá lọ rí, etíkun Wales yìí náà sì ni mo lọ. O ò lè rántí, ọmọ ọdún méje ni ọ́.

Ọdún 2012 ni. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni bàbá rẹ papò dà. Mò ń ṣiṣẹ́ lóru, mò ń sùn lọ́sàn-án, ara mi ò sì balẹ̀ nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìyá àgbà kan wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà náà, òyìnbó ará Birmingham níbí. Lójoojúmọ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ Barmouth, ìlú etíkun kan ní Wales: pé láti kékeré ni àwọn òbí òun ti ń kó àwọn lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀rùn, pé àwọn ará àdúgbò òun a tún máa pàdé lórí iyanrìn níbẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ló bá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ gan-an ló yẹ kó lọ." Mo fi ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo sì wọ rélùwéè ní sítéṣọ̀n New Street níbí.

Ìdí nìyí tí mo fi lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ètò tí o ṣe ni pé kí o lo ọjọ́ méjì ní Tenby, ọjọ́ kan ní Aberystwyth, ọjọ́ kan ní Barmouth, kí o wá fi méjì tó kù parí rẹ̀ ní Llandudno. Lórí máàpù, wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Okùn náà ni kò sí. Rélùwéè ò gba etíkun Wales já. Ojú irin tó so Carmarthen mọ́ Aberystwyth, láti 1965 ni wọ́n ti dá ọkọ̀ èrò dúró lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì T1 ló ń ná ọ̀nà yẹn báyìí. Ní Pwllheli lápá àríwá, ojú irin tán síbẹ̀, bọ́ọ̀sì náà ni ìwọ yóò tún wọ̀ kí o tó dé Bangor. Aberystwyth àti Barmouth tí o rò pé aládùúgbò ni wọ́n, odò Dyfi ló là wọ́n láàárín: o ní láti padà sẹ́yìn sínú ilẹ̀ kí o tó bọ́ sí òdìkejì. Ẹni tó ní mọ́tò lè fi ọjọ́ kan rìn ín. Ìwọ tí o ò ní, ìdajì ìsinmi rẹ lo máa lò lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú báàgì láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o sùn sí ibì kan ṣoṣo. Yan ìlú kan tí rélùwéè dé, tú ẹrù rẹ sílẹ̀, kí o máa jáde láàárọ̀, kí o máa padà nírọ̀lẹ́. Lójú mi, Barmouth ni. Abermaw ni wọ́n kọ sára pátákó ní sítéṣọ̀n, Bermo sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é. Rélùwéè tààrà wà láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Láti Barmouth, bí o bá kọrí sí àríwá, wàá dé Harlech, Criccieth àti Porthmadog. Bí o bá kọrí sí gúúsù, Fairbourne, Tywyn, Aberdyfi. Òkun ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ ní apá tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà. Jókòó sápá ibi tí omi wà.

Máa ṣọ́ Machynlleth o. Ibẹ̀ ni rélùwéè náà ti máa ń pín sí méjì, apá kan á lọ sí Aberystwyth, apá kejì á gba etíkun lọ sí Pwllheli. Bèèrè lọ́wọ́ gáàdì kí ẹ tó débẹ̀ pé apá wo lo wà. Bí o bá ṣèèṣì jókòó sápá òdì, Dovey Junction ni wàá ti sọ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀, àárín ẹrẹ̀ àti koríko ni sítéṣọ̀n yẹn wà, ọ̀nà mọ́tò kankan ò dé ibẹ̀. Ẹyẹ nìkan ló máa bá ọ dúró. Ní àwọn sítéṣọ̀n kéékèèké bíi Llanaber, rélùwéè kì í dédé dúró: bí o bá fẹ́ sọ̀, sọ fún gáàdì ṣáájú, bí o bá fẹ́ wọlé, na ọwọ́ sí awakọ̀ bí ẹni ń dá dáńfó dúró ní Ọ̀jọ́ta.

Ní ti àkókò, o kọ oṣù kẹjọ. Kí ló dé? Ìdánwò rẹ máa parí kí oṣù kẹfà tó dájì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì wà ní kíláàsì títí di nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù keje, nítorí náà yàrá ò ní wọ́n tó bẹ́ẹ̀, iyanrìn ò sì ní kún. Nínú oṣù kẹfà, ó ń lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Fún ẹni tó ń dá rìn láìní mọ́tò, ìmọ́lẹ̀ yẹn ju owó lọ. Ra káàdì rélùwéè àwọn ọmọ ọdún 16 sí 25, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mọ èyí: láàárín ọ̀sẹ̀, bí o bá wọkọ̀ ṣáájú aago mẹ́wàá àárọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì náà kò ní lọ sílẹ̀ ju £12 lọ. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni òfin yẹn kì í ṣiṣẹ́. Fún ìrìn kúkúrú bíi Harlech, jẹun àárọ̀ rẹ dáadáa, kí o jáde lẹ́yìn aago mẹ́wàá.

Àwọn ilé àlejò kan máa ń gba owó ẹni méjì lọ́wọ́ ẹnì kan, àwọn mìíràn kì í gba ẹni tó fẹ́ sùn ọjọ́ kan péré. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí o má máa ṣí kiri. Fi fóònù pè wọ́n fúnra rẹ, sọ pé ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni, kí o wá ná an.

Ẹ̀wẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Harlech. Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ. Mo gun òkè lọ sí ilé odi tí Ọba Edward Kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1283 láti fi tẹ àwọn ará Wales lórí ba. Orí àpáta ni. Òkun dé ẹsẹ̀ àpáta yẹn nígbà náà, iyanrìn àti koríko ló wà níbẹ̀ báyìí, omi ti sún jìnnà. Mo jókòó síbẹ̀ títí, ọkàn mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Nígbà tí mo sọ̀ dé sítéṣọ̀n, kò sẹ́nì kankan. Mo wo ìwé àkókò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, mo fi ìka tọ́ ọ wálẹ̀, mo wá rí i pé ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo kà láàárọ̀. Ti ọjọ́ Àìkú kéré sí i gan-an. Èyí tó kẹ́yìn ti lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lórí fóònù mi. Mo pọ́n òkè yẹn padà, mo bẹ obìnrin kan tó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ló bá mi pe takisí. £35 ni mo san fún máìlì mẹ́wàá, owó oúnjẹ ọjọ́ méjì tó kù ni.

Nítorí náà, ọkọ̀ tó kẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó wo ibi tí o ń lọ. Kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú ọwọ́ rẹ, ti ọjọ́ náà gan-an, kí o wá fi ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ṣe tìrẹ. Nǹkan bí wákàtí méjì méjì ni wọ́n fi ń tẹ̀lé ara wọn, ìyẹn ni pé èyí tó kẹ́yìn yóò jẹ́ ẹ̀rọ̀ fún ọ bí èyí tó ṣáájú bá fi ọ́ sílẹ̀. Fi máàpù pamọ́ sórí fóònù kí o tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sọnù lábẹ́ àwọn òkè yẹn.

Òkun náà ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà lójúmọ́, ó sì ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Mo ti fi ojú mi rí bí iyanrìn ẹnu odò Mawddach lẹ́bàá Barmouth ṣe ń di omi: ó kọ́kọ́ dà bí okùn fàdákà tín-ín-rín láàárín iyanrìn, o rò pé wàá fò ó, nígbà tí o bá fi máa wẹ̀yìn, omi ti yí ọ ká. Má rìn jìnnà sórí iyanrìn yẹn. Má wẹ̀ ní ẹnu odò láé, bó ti wù kó rí bí ẹni sùn, ìṣàn abẹ́ rẹ̀ lágbára. Níbi tí àwọn adóòlà ẹ̀mí tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀ bá wà, àárín àsíá pupa-àti-yẹ́lò méjì ni kí o ti wẹ̀. Àsíá pupa, má tẹ omi. Omi ibẹ̀ tutù lóṣù kẹfà, ó máa ń gba èémí lẹ́nu ẹni. Bó bá gbà á, má jà, dojú sókè, na ara kí o léfòó títí èémí yóò fi padà. 999 ni nọ́ńbà, sọ pé Coastguard, àwọn aṣọ́ etíkun, lo ń wá.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wa ńkọ́? Wọ́n á wò ọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rí wa. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kíkí. Ó lé ní ìdajì àwọn ará Gwynedd, agbègbè tí Barmouth wà, tó ń sọ èdè Wales, èdè yẹn ni ọmọ kékeré fi ń bẹ ìyá rẹ̀ fún áísìkirimù. "Bore da" ni ẹ káàárọ̀, "diolch" ni ẹ ṣé. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ "diolch" fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹ̀rín tó rín sí mi, mo mọ̀ ọ́n: òun ni bàbá rẹ máa ń rín bí òyìnbó bá kí i ní Yorùbá. Lójú títì, wàá rí i tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ARAF. Rọra ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Má sọ fún ẹni tí o ò mọ̀ pé o dá wà. Ní kí onílé mọ ibi tí o ń lọ láràárọ̀. Ọjọ́ kejì ni ìdánìkanwà máa ń dé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Má sá fún un, má sì tìtorí rẹ̀ di ẹrù. Gòkè lọ sí Dinas Oleu lẹ́yìn ìlú náà. Ilẹ̀ kékeré tí obìnrin kan, Fanny Talbot, fi ta National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, lọ́rẹ ní 1895 ni, òun sì ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ yẹn ní. Mo sunkún níbẹ̀ dáadáa, mo nu ojú, mo sọ̀kalẹ̀ wá ra ẹja àti ọ̀dùnkún dídín.

Wá sílé sùn kí o tó lọ. Mo ti tọ́jú gààrì Ìjẹ̀bú, kúlíkúlí àti ata gígún fún ọ, àti jákẹ́ẹ̀tì òjò mi, torí òjò ibẹ̀ kì í kìlọ̀.

Ohun tó kẹ́yìn ni afárá. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó ti wà láti 1867, ó la ẹnu odò Mawddach já, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rìn ín. Mo wolẹ̀, mo rí omi tó ń sáré láàárín pákó sí pákó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Rélùwéè kọjá, gbogbo igi náà gbọ̀n, ó gbọ̀n wọ orúnkún mi. Mo pe orúkọ bàbá rẹ sókè, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ṣe àtúnṣe ńlá kan sí i, ó parí ní 2023, mi ò sì tíì padà débẹ̀. Nígbà tí ìwọ bá dé ibẹ̀, má pè mí lórí fídíò. Pè mí nígbà tí o bá padà dé yàrá, kí o sọ fún mi bóyá omi ṣì ń hàn láàárín àwọn pákó náà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ