Àdùnkẹ́, má wọ òkun yẹn

Àdùnkẹ́ mi,

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń pè ẹ́, fóònù kàn ń ró, o ò gbé e. Mo fi wásáàpù ránṣẹ́, máàkì búlúù méjì ti yọ, o kà á, o ò fèsì. Ẹnu àbúrò ẹ ni mo ti wá gbọ́ pé o fẹ́ lọ ṣe họ́lídè ní Ítálì nínú oṣù kẹjọ, ìyá ẹ dẹ̀ lọ sọ ọ́ ní ìsọ̀, kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ ìyàwó aláṣọ ti ń bi mí pé "ọmọ yín náà ti gba Ítálì lọ?" pẹ̀lú irú ojú tí wọ́n máa ń fi bèèrè ẹ̀. Mo ní Mánṣẹ́sítà ló ti ń lọ, nọ́ọ̀sì ni, owó ẹ̀ ló fẹ́ ná. Ìyẹn ò dùn mí. Ìgbà tí àbúrò ẹ fi orúkọ ìlú náà hàn mí lórí fóònù ni àyà mi já. Cefalù, ìlú etíkun ní erékùṣù Sicily.

Má wọ òkun yẹn o. Mo ti sọ ọ́ ná, màá tún sọ ọ́.

Ilé ò burú. Orúnkún ìyá ẹ ti ń gbọ́ oògùn, atẹ́gùn tún ṣí páànù ìdáná, àbúrò ẹ ń retí èsì WAEC, ewúrẹ́ bí méjì.

Físà ńkọ́? Pé ò ń gbé ní ìlú ọba ò ní kí wọ́n jẹ́ kó o kàn wọlé, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, físà Schengen lo máa gbà, ó pẹ́ tán kó o ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò, wọ́n dẹ̀ máa bèèrè ìnṣọ́ránsì tó lè san tó 30,000 yúrò. Àbúrò ẹ ló bá mi wá a. Mo mọ̀ ẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ tó o fẹ́ lọ sìnrú ìlú gan-an, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti ń wá sáàtífíkéètì ẹ.

O mọ̀ pé mo gbé Palermo, olú ìlú Sicily, nígbà kan. 1992 ni mo débẹ̀, ọdún tí bọ́ǹbù pa àwọn adájọ́ méjì tó ń bá màfíà fà á, Falcone nínú oṣù karùn-ún, Borsellino nínú oṣù keje, orúkọ wọn ló wà lára pápákọ̀ òfurufú tó o máa bà sí. Ohun tí mo sọ fún gbogbo yín ni pé kọ́ńpìnnì kan ni mo ti ṣiṣẹ́. Irọ́ ni, Àdùnkẹ́. Aago ọwọ́, awò ojú àti bẹ́líìtì ni mo ń kó sọ́rùn tà lórí iyanrìn. Àwa mẹ́fà là ń sùn nínú yàrá kan ní àdúgbò Ballarò, tó bá di àárọ̀ a ó wọ rélùwéè tó ń lọ Messina, ká sọ̀ ní Cefalù, torí ibẹ̀ làwọn tó lówó ti ń yáòrùn.

Lọ́jọ́ kan àwọn agbófinró yọ sí wa, kálukú gbé ẹrù sá. Mo sá gba apá èbúté àtijọ́, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí òkúta, ó di inú omi. Mi ò ju báàgì yẹn sílẹ̀, àwìn ni mo fi kó ọjà inú ẹ̀, mo dì í mú, òun náà ń fà mí lọ sísàlẹ̀. Bàbá apẹja kan na àjẹ̀ sí mi, ó ń pariwo "Lascia! Lascia!", ìyẹn ni pé fi í sílẹ̀. Ìgbà tí mo fi í sílẹ̀ ni mo tó rí àjẹ̀ náà dì mú.

Mo rìn lọ síbi ìfọṣọ ayé àtijọ́ wọn lójú títì Vittorio Emanuele, àtẹ̀gùn òkúta dúdú ló sọ̀ sísàlẹ̀, ẹnu kìnnìún onírin lomi ti ń tú jáde, ó tutù bíi yìnyín. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo ṣan iyọ̀ ara ẹ̀, mo jókòó síbẹ̀ sunkún. Oṣù yẹn owó ò dé ọwọ́ màmá mi. Mo kọ̀wé sí wọn pé báńkì ló fà á.

Ṣé o rántí ìgbà tí ilé ìwé yín fẹ́ kọ́ yín ní ìlúwẹ̀ẹ́? O ti ra fìlà rọ́bà yẹ́lò yẹn, ò ń dé e sùn. Mo fa fọ́ọ̀mù ya, mo ní ọmọ mi ò ní bá omi ṣeré. O sunkún fún ọjọ́ méjì, mo tún jágbe mọ́ ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀, ìwọ nìkan lo ò mọ̀ ọ́n, èmi ni mo fà á.

Torí náà ṣé wọn ò ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní Mánṣẹ́sítà ni? Lọ kọ́ ọ báyìí, oṣù kẹjọ ṣì jìnnà. Tó o bá dẹ̀ mọ̀ ọ́n tán, kó má kọjá ìbàdí.

Tí wọ́n bá fún ẹ láyè níbi iṣẹ́, lọ láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹfà, ọdún San Salvatore ni. Lọ́jọ́ kẹfà wọ́n máa ń na òpó gígùn kan sórí omi, wọ́n á fi nǹkan yíyọ̀ pa á, àwọn ọ̀dọ́ á máa rìn lórí ẹ̀ kí wọ́n lè já àsíá tó wà ní ṣóńṣó, wọ́n á máa já sómi wọ̀ì, wọ́n á yọrí pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Palermo Centrale ni wàá ti pààrọ̀ rélùwéè, tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, fi ẹ̀rọ lù ú kó o tó wọlé. Àpáta tó ga tó mítà 270 lẹ́yìn ìlú, òwúrọ̀ ni kó o gùn ún.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Cefalù, 1131 ni Roger Kejì, ọba Sicily, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní ìjì ló bá a lójú òkun tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tóun bá gúnlẹ̀ òun á kọ́ ọ. Mo gbé ọjà kọjá níwájú ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mi ò wọlé rí. Bo èjìká ẹ, kó o bá mi wọlé, kó o gbójú sókè wo àwòrán Jésù oníwúrà tó wà lára ògiri.

Ta lẹ jọ ń lọ? Mi ò bínú, mo kàn ń bèèrè ni. Mo ń bínú díẹ̀.

Tó o bá rí ọmọkùnrin dúdú tó kó ọjà sọ́rùn lórí iyanrìn, má ra ayédèrú lọ́wọ́ ẹ̀ o, òfin wọn máa ń bu owó ìtanràn fún ẹni tó rà á, láti 300 yúrò lọ sí 7,000. Ṣùgbọ́n má wojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí i, fún un lómi mu.

Ya fọ́tò ibi ìfọṣọ yẹn fún mi. Má sọ fún ìyá ẹ o, kọ́ńpìnnì ló ṣì mọ̀. Gbé fóònù.

Bàbá ẹ