Bàbá, orin wọn ń pe orúkọ

Peckham, London

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Màmá ń kọ́? Orúnkún yín ń kọ́? Òtútù ti dé síbí, ṣùgbọ́n ara wa le.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a jókòó wo Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání ti ọdún 1999? Inú yàrá lẹ wà, ẹ ò tilẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Bí ìlù ṣe ń dún, bẹ́ẹ̀ lẹ ń sọ ohun tó ń wí, kí àwa tí ojú wa wà lára àwòrán tó mọ nǹkan kan. Ẹ wá ní ti òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀, pé ariwo lásán ni orin inú fíìmù wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fèsì, Bàbá. Orin tiwọn náà ń sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń dín dòdò nígbà tí ọkọ mi ń wo Jaws, fíìmù 1975 nípa ẹja ńlá tó ń pa ènìyàn. N kò rí àwòrán rárá, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ẹja náà ti dé. Ohùn méjì péré ni John Williams, ẹni tó kọ orin fíìmù náà, fi pè é, ohùn tó wúwo, tó kọ́kọ́ ń rìn jẹ́jẹ́ kó tó wá máa sáré. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù fún Steven Spielberg, olùdarí fíìmù náà, ẹ̀rín ni ìyẹn rín, ó rò pé àwàdà ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹja ẹ̀rọ tí wọ́n fi ya fíìmù náà kàn ń bàjẹ́ lójú omi ṣáá, orin ló ń dúró fún un. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ibi tí àwọn ọmọ kan ti fi páálí gé lẹbẹ ẹja láti dẹ́rù ba àwọn tó ń wẹ̀. Gbogbo ayé ń sá, orin ò dún. Kò pè é, torí kì í ṣe òun.

Lẹ́yìn náà ni fíìmù Black Panther, 2018. Ludwig Göransson, ọmọ Sweden tó kọ orin rẹ̀, gbéra lọ sí Sẹ̀nẹ̀gàl, ó tẹ̀ lé Baaba Maal, olórin ibẹ̀, kiri. Ibẹ̀ ló ti bá tama pàdé, ìlù tí wọ́n ń há sí abíyá bíi gángan wa. Massamba Diop ló lù ú, orúkọ T'Challa, ọba inú fíìmù náà, ni ìlù náà sì ń pè. Orí mi wú nínú sinimá lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún Göransson ní Oscar lọ́dún 2019, ó sì tọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ orin fíìmù ló ń sunkún níbi tí òṣèré bá ti ń sunkún, kí n tó délé, mo ti gbàgbé wọn. Èyí tó kúrú, tó ń pe ẹnìkan ṣoṣo, tó sì ń dákẹ́ tí ẹni náà ò bá sí níbẹ̀, òun ni mò ń bá jí láàárọ̀.

Mo ti ní kí àbúrò mi ṣí orin T'Challa fún yín lórí fóònù. Kó má jẹ́ kí ẹ rí àwòrán o. Mo mọ̀ pé tama kì í sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí etí yín bá gbọ́ orúkọ náà, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ń retí.

Ọmọ yín ni.