Ṣẹ́gun, ṣé Ìyá Ayọ̀ ti mọ̀?

Ṣẹ́gun Àkànní, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá Ayọ̀ àti àwọn ọmọ. Inú àpò ẹlùbọ́ ni mo fi lẹ́tà yìí sí, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mi ò pè ọ́ nítorí mo mọ ara mi. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ariwo ni màá pa, ìwọ náà á sì ní "kò sí nǹkan, Màmá", ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa parí sí. Èyí tí mo bá kọ sílẹ̀, wàá kà á tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mò ń wọn ẹlùbọ́ fún oníbàárà kan ní Bódìjà ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi. Mo gbé e fún Bọ́sẹ̀ kó bá mi kà á. Ó kà á dé ìdajì, ó dákẹ́. Mo ní kó kà á tán. Wọ́n ní ọmọ mi, wọ́n dárúkọ rẹ délẹ̀délẹ̀, jẹ àwọn lówó, pé olè ni, pé kí n sọ fún un kó tètè san án kí ilẹ̀ tó ṣú. Oníbàárà dúró, kóńgò wà lọ́wọ́ mi. Mo ní oníjìbìtì ni wọ́n. Àfi ìgbà tó di alẹ́ tí Ìyá Kúdí wá bá mi nílé, ó ní ọmọ òun tó wà ní Agége sọ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ yín ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró, pé o wà nínú wọn.

Oṣù mẹ́ta! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta gbáko lo sì fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí mi láàárín oṣù mẹ́ta yẹn. Mo fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo fi ìyókù tún páànù orí ilé ìdáná ṣe. Bí owó yẹn bá ti wọlé báyìí, màá kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ọ. Àṣé owó gbèsè tí o yá ni mò ń ná, tí mò ń ṣe àmín lé lórí.

Ṣé Ìyá Ayọ̀ ti mọ̀? Dá mi lóhùn èyí ná.

Ta ló rán ọ pé kí o lọ yáwó fún mi? Ṣé mo ní ebi ń pa mí ni? Ìwà òmùgọ̀ lèyí, Ṣẹ́gun. Rárá, má bínú, o kì í ṣe òmùgọ̀. Ọdún kẹfà rè é tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, kò sí oṣù kan tí o gbàgbé mi, kì í ṣe gbogbo ìyá ló rí irú rẹ. Ṣùgbọ́n má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ mọ́. Tó bá wọlé, màá dá a padà.

Ní ti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù yẹn, má ṣe yá tọwọ́ ọ̀kan san tọwọ́ èkejì, ihò kan náà lò ń gbẹ́. Lọ́yà kan tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ mi sọ fún mi pé láti ọdún 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn, pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀, wọn ò sì láṣẹ láti máa kọ̀wé ẹ̀sín sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ẹni. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ, tọ́jú rẹ̀, kí o fi sùn wọ́n níbẹ̀. Owó tí o jẹ, a máa san án. Mo ti bẹ Ìyá Alájọ kó jẹ́ kí n kó tèmi lóṣù tó ń bọ̀, ₦90,000 ni. Má jiyàn.

Lọ́yà náà tún ní kí n bi ọ́ bóyá ìwé tí wọ́n fi dá ọ dúró wà lọ́wọ́ rẹ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí òmíràn, ó lè gbà tó ìdá 25 nínú 100 owó tí wọ́n ti ń yọ pamọ́ fún un. Oṣù kan ló kù fún ọ. Lọ bá àwọn tó ń tọ́jú owó yẹn, kí o béèrè iye tó wà níbẹ̀, kí o wò ó bóyá ilé iṣẹ́ yín ń san tiwọn lóòótọ́. Tí o bá gbà á, má kó gbogbo rẹ̀ fún onílé.

Bọ́sẹ̀ ń ka ìwé JAMB rẹ̀, ó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. A ò rí iná fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ibo lò ń lọ láàárọ̀, Ṣẹ́gun? Ọmọ Ìyá Kúdí ní òun ṣì ń rí ọ tí o ń jáde láago mẹ́fà, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìyẹn ni oorun ò ti kùn mí mọ́.

O mọ̀ pé iṣẹ́ báńkì bọ́ lọ́wọ́ bàbá yín. Lọ́dún 2004 ni Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà, 25 ló ṣẹ́kù. Báńkì bàbá yín dara pọ̀ mọ́ òmíràn, wọ́n sì ní kí bàbá yín máa lọ sílé. Bàbá yín ò sọ fún mi. Àràárọ̀ ni wọ́n ń so táì, tí wọ́n ń gbé báàgì.

Lóṣù kẹrin ọdún 2006, mo lọ ra ọ̀rá tí mo fi ń di ọjà ní Dùgbẹ̀, mo sì rí wọn níwájú tésàn rélùwéè, lórí bẹ́ǹṣì, báàgì lórí itan, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Mo dúró tì wọ́n níṣojú àwọn ènìyàn, mo ní, "Bàbá Ṣẹ́gun, ṣé ibí ni ọ́fíìsì yín?" Wọn ò fèsì. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn gúgúrú tó dà sára ṣòkòtò wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún ròyìn rẹ̀ fún àwọn obìnrin inú ilé, a rẹ́rìn-ín. Ìwọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, o ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ. Ọmọ ọdún 11 ni ọ́. Mo rí ọ tí o gbójú sókè.

Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà, bàbá yín ò fi ọ̀rọ̀ inú wọn hàn mí mọ́. Wọ́n rí iṣẹ́ sí ilé ìwé kan, mi ò mọ iye tí wọ́n ń gbà títí wọ́n fi kú lọ́dún 2011. Lẹ́yìn tí a sin wọ́n tán ni mo ṣí báàgì yẹn. Páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀, àti káàdì ọsibítù. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń lọ gba oògùn. Èmi tí à ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ò mọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ẹnu mi ni wọ́n ń sá fún.

Mo sì rò pé ìwọ náà ń sá fún un. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin, kó má sọ nílé. Dárí jì mí.

Sọ fún Ìyá Ayọ̀ lónìí, kí ẹlòmíràn tó sọ fún un, kí òun náà tó rí ọ níbì kan. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó máa dunni, ní kó kọ́kọ́ pè mí, kí n sọ ohun tí mo sọ ní Dùgbẹ̀ fún un, àti ohun tí mo bá nínú báàgì.

Ẹ sá ẹlùbọ́ yẹn kó má hu kòkòrò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Àbẹ̀kẹ́