Ìyá Ìbejì, mo ti padà sínú ihò omi

Gainesville, Florida
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé iná á ti dé sí àdúgbò yín kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Àbúrò ti ń sọ̀rọ̀ wótowòto, eyín iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì sì ti bọ́.

Lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù, o bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹkún ọmọ kò jẹ́ kí n dáhùn. O ní, "Kí ló ń gbé ìwọ abiyamọ wọ inú ihò tó wà lábẹ́ omi?" Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́ nítorí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró.

Àná, ọjọ́ Sátidé, ni mo padà wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́fà ààbọ̀ gbáko ni mo fi jìnnà sí i. O mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ dé, dókítà ní aláboyún kì í gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn, mo sì gbà. Lẹ́yìn oyún, ọmú. Ọmú kò tíì tán tí àrùn Kòrónà fi dé. Bí a ṣe bọ́ nínú ìyẹn, oyún kejì. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi: ní ọdún tó kẹ́yìn nínú mẹ́fà ààbọ̀ yẹn, kò sí oyún, kò sí àrùn, mo ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rù lásán ló dá mi dúró. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, mo máa ń rò ó pé ọwọ́ mi ti gbàgbé iṣẹ́.

Ẹni tí kò jẹ́ kí n sinmi ni Mọ́mì Odò. Mo ti sọ̀rọ̀ wọn fún ọ rí: tíṣà ìmọ̀ ẹ̀dá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, òyìnbó ni wọ́n, wọ́n sì ju ìyá mi kékeré lọ lọ́jọ́ orí. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ẹ̀kọ́ ihò omi lọ́dún kan náà, kò sì sí ihò tí mo wọ̀ tí kì í ṣe pẹ̀lú wọn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sílé, wọ́n ń bá ẹlòmíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n lóṣooṣù ni wọ́n máa ń tẹ̀ mí láago, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni wọ́n fi ń kádìí rẹ̀: "Ríìlì okùn rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi." Ríìlì yẹn, tí a ń ká okùn tó ń tọ́ wa sọ́nà nínú ihò mọ́, èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀dà èékánná pupa kọ orúkọ mi sí i lára. Wọ́n gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn láti ọjọ́ tí oyún àkọ́kọ́ ti dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi múra. Níbí, gbogbo ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fi omi dán agbára sìlíńdà wò, àkókò tèmi sì ti kọjá pátápátá. Kò síbi tí wọ́n á ti rọ afẹ́fẹ́ sí i. Àwọn rọ́bà kéékèèké inú ẹ̀rọ tí a fi ń mí ti gbẹ bí awọ ìlù tí wọ́n gbàgbé sóòrùn. Mo gbé e lọ fún àtúnṣe. Aṣọ omi mi kò wọ̀ mí mọ́, mo ra òmíràn.

Ilẹ̀ gbígbẹ la ti bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe omi. Mọ́mì Odò ta okùn mọ́ àwọn igi páìnì inú ọgbà wọn, ó gba ìdí igi yìí, ó yípo tọ̀hún, ó gba abẹ́ àga. Wọ́n wá fi aṣọ dúdú dì mí lójú, kí n fi ọwọ́ nìkan tọ okùn náà dé òpin bí ẹni tí kò ríran nínú ihò. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ni èèyàn fi ń ká okùn mọ́ bí òrùka, láìfà á, láìjọ̀wọ́ rẹ̀. Níbi tí okùn bá ti so mọ́ igi, ọwọ́ kejì á ti ré kọjá ìdí kókó, á ti di okùn mú lódì kejì, kí ti àkọ́kọ́ tó tú sílẹ̀. Lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi á kan ọfà kékeré oníke kan lórí okùn. Ẹnu ọfà yẹn ń tọ́ka sí ibi àbájáde tó súnmọ́ jù. Afọ́jú gan-an lè fi ìka kà á. Mo rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ara mi tó rántí, tí èjìká mi wálẹ̀.

Ìwọ bi mí ní kí ló ń gbé mi wọ̀ ọ́. Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n kó wa lọ sí Ìkọ́gòsì láti ilé ìwé, tí a ki ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, tí a ki èkejì bọ tútù? Ibẹ̀ ni mo ti bi tíṣà pé níbo ni omi yìí wà kó tó yọ síta. Wọ́n ní, "Inú àpáta." Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rí. Mo sì ti dúró létí ọ̀sà ní Bàrígà tí mo ń wo àwọn tó ń mòòkùn lọ wa yanrìn, tàwọn ti korobá wọn, pẹ̀lú èémí tí wọ́n há sáyà nìkan. Ní ìhà àríwá Florida níbí, òkúta ẹfun ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Òjò tó ń wọlẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ayébáyé, ó ti gbẹ́ ọ̀nà sínú rẹ̀, omi sì kún àwọn ọ̀nà náà. Omi abẹ́ òkúta yẹn ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi ìdáná mi. Nígbà tí mo bá wà nínú ihò, inú àpáta tí tíṣà wa wí ni mo wà.

Peacock la lọ, nítòsí Luraville, ó ju wákàtí kan lọ láti ilé wa. Ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ ni, orúkọ Wes Skiles ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó ya fọ́tò àti fíìmù inú àwọn ihò wọ̀nyí fún aráyé rí kó tó kú lọ́dún 2010. Ọ̀nà abẹ́ omi tí wọ́n ti wọ̀n níbẹ̀ ju 28,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nígbà tí odò Suwannee bá kún, omi dúdú rẹ̀ máa ń padà ya wọnú ihò, èèyàn kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Lánàá, ó mọ́ gaara bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀. Ó sì tutù níwọ̀nba, ìwọ̀n 21 tàbí 22 sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ kò yí i padà.

Ní ẹnu ihò, pátákó kan wà tí wọ́n ya àwòrán ikú sí, egungun tó gbé dòjé dání. Ó ní kí o dúró, kí o má kọjá ibí. Ó ní ó ju 300 òmùwẹ̀ lọ tó ti kú nínú irú ihò báyìí, àwọn olùkọ́ ìmòòkùn pàápàá wà nínú wọn. N kì í kọjá lára rẹ̀ láìkà á. Lára àwọn tó kú sínú ihò ni Sheck Exley, gbajúmọ̀ òmùwẹ̀ ihò, ọmọ Jacksonville tí kò jìnnà síbí. Òun ló jókòó ti ọ̀rọ̀ àwọn tó kú sínú ihò, tó wo ohun tó pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi fa òfin yọ fún àwa tó ń bọ̀ lẹ́yìn: má ṣe wọlé láìsí okùn tó dé ìta gbangba, ìdá kan nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ ni kí o fi wọlé, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ẹnìkejì rẹ bí tirẹ̀ bá bàjẹ́, mọ ibi tí jíjìn rẹ mọ. Ọdún 1994 ni òun náà kú nínú ihò Zacatón ní Mẹ́síkò, níbi tó ti ń wá ìsàlẹ̀ tó jìn gan-an. Àwọn àgbà wa ní òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá Ìbejì. Torí bẹ́ẹ̀ ni tọ́ọ̀ṣì mi fi ń jẹ́ mẹ́ta, tí a kò sì lo ìdá mẹ́ta lánàá. Ìdá kan nínú mẹ́fà péré la fi wọlé. Sìlíńdà wa jẹ́ 3,000 psi, ìwọ̀n tí mítà fi ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe kù tó. Bí mítà ẹnikẹ́ni bá ti kan 2,500, ilé yá nìyẹn.

Èmi ni mo ṣíwájú, torí ọwọ́ mi ni ríìlì wà. Ẹni tó ta okùn náà ló ń wọlé ṣáájú, òun ló sì ń jáde kẹ́yìn. Ó yẹ kí n so ó níta lójú ìmọ́lẹ̀, kí n tún so ó nínú, kí n wá so ó pọ̀ mọ́ okùn aláwọ̀ wúrà tó wà níbẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Níbi ìsomọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Okùn yọ́ lọ́wọ́ mi, mo tẹ̀ síwájú láti mú un, ẹsẹ̀ mi sì gbá ilẹ̀. Ẹrẹ̀ ilẹ̀ ihò yẹn fẹ́lẹ́ ju èlùbọ́ lọ. Ó rú sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí èéfín, ó bo orúnkún mi. Kò bo ojú mi, okùn sì wà lọ́wọ́ mi, kò séwu kankan. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ èémí ara mi, ó ń sáré. Mo wo mítà: 2,650. A kò tíì rìn jìnnà.

Lókè ilẹ̀, bí o bá nà àtàǹpàkò sókè, ó dáa lò ń wí. Nísàlẹ̀ omi, ó túmọ̀ sí pé ó tó, ká máa lọ. Mo yíjú padà, mo nà á sí Mọ́mì Odò.

Wọn ò wo mítà mi. Wọn ò mi orí, wọn ò na ọwọ́ pé kí n ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Wọ́n na tiwọn padà, wọ́n yí, wọ́n sì ń lọ. Mo ń wò ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì wọn lára ògiri, òbìrípo funfun kan tí kò gbọ̀n, tó ń dúró dè mí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bí mo ṣe ń ká okùn.

Òfin ni bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni lè dá ìrìn dúró nígbàkugbà, nítorí ohunkóhun, ẹnìkan kò sì gbọ́dọ̀ bi í léèrè ìdí. Mo ti kọ́ ọ sórí láti ọjọ́ tó pẹ́. Àná ni mo tó mọ̀ pé òun gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí mo bá ní ó ti rẹ̀ mí, wọ́n á ní kí n fara dà á títí di àárọ̀. Nílé, èmi fúnra mi ni mo ń sọ ọ́ fún ara mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà ni wọ́n á gbà lé mi lórí. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n níbo tún ni mo ti lè ní "ó tó" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó ti rin ìrìn àjò wá nítorí mi sì yí padà lójú ẹsẹ̀?

A jókòó lórí àtẹ̀gùn igi létí omi. Mọ́mì Odò tú ẹ̀pà sísè jáde nínú ọ̀rá. Wọ́n ń tà á lẹ́bàá títì níbí, pẹ̀lú èèpo rẹ̀, oníyọ̀, bí èyí tí ìyá rẹ máa ń sè gẹ́lẹ́. A ń pa á jẹ. Wọ́n sọ nípa ẹyẹ kan tó wà lórí igi, wọ́n sọ nípa ọmọ ọmọ wọn. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ ihò sílẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí èmi fúnra mi tó ní, "Ṣé ká tún wọ̀ ọ́?" Wọ́n ti dìde kí n tó parí rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, okùn gbọ́ tèmi. A gba ọ̀nà tó lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Pothole. Èémí mi rọlẹ̀ débi pé mo ń gbọ́ bí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ afẹ́fẹ́ ṣe ń yí lára òrùlé òkúta. Mọ́mì Odò fi tọ́ọ̀ṣì yí òbìrípo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, mo wo ibẹ̀: edé kan, funfun báláú láti orí dé ìrù, ń rìn lórí ẹfun bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Inú òkùnkùn yẹn ni wọ́n bí i sí, kò nílò ojú. Ó na ìwo rẹ̀ kan okùn wa, ó ronú díẹ̀, ó sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mítà mi kan 2,500, àwa méjèèjì la na àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n kí ọ. Ó ti gbà pé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òun á mójú tó wọn. Mo sì ti ṣèlérí fún un, màá ṣe é fún ìwọ náà: n kò ní wọ̀ ọ́ láìsí Mọ́mì Odò, n kò sì ní fi ìtìjú dá àtàǹpàkò mi dúró. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, jọ̀wọ́, fi èlùbọ́ díẹ̀ rán an sí mi, àti fọ́tò àwọn ìbejì nínú aṣọ ilé ìwé tuntun wọn.

Nígbà tí a fẹ́ pínyà lánàá, mo na ríìlì sí Mọ́mì Odò gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Wọn ò gbà á. Ó wà ní ìta ẹ̀yìnkùlé mi báyìí, mo gbé e kọ́ sára ìkọ́ aṣọ láàárín ṣòkòtò ilé ìwé àwọn ọmọ, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré