Ẹ̀yin Ọmọ Tí Sensei Rẹ́ Jẹ, Ẹ Gbọ́ Tèmi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ yín ti dé etí mi. Ẹ ní ẹ ò ṣe júdò mọ́, ẹ ò ṣe kàráté mọ́, pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ ti fi gi, aṣọ ìjà rẹ̀, ṣe aṣọ ìnulẹ̀. Mi ò bínú sí i. Ohun tójú yín rí kì í ṣe kékeré.

Owó ìdánwò bẹ́líìtì lónìí, owó ìwé ẹ̀rí lọ́la, owó pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́tùnla, ọ̀gá náà ò sì dé títí dòní. Ẹ fọ mọ́tò sensei, ìyẹn olùkọ́ yín, ẹ pọnmi sílé rẹ̀, ẹ bá a kọ́ àwọn ọmọdé títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì fún yín lówó ọkọ̀. Bí ẹ bá béèrè, á ní ìkóra-ẹni-níjàánu lòun ń kọ́ yín. Bí ẹ bá lọ wo gbọ̀ngàn mìíràn, á ní ọ̀dàlẹ̀ ni yín. Ìrẹ́jẹ lèyí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lórúkọ mìíràn.

Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni júdò. Tíṣà ni Jigoro Kano tó dá júdò sílẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún 22 nígbà tó tẹ́ ẹní 12 sínú tẹ́ńpìlì kan ní Tokyo lọ́dún 1882, tó pe ibẹ̀ ní Kodokan. Tíṣà náà ni Gichin Funakoshi, ọmọ erékùṣù Okinawa tó gbé kàráté wá sí Tokyo ní 1922. Ọ̀dọ̀ Kano ló ti kọ́ ètò dan, ìyẹn ipò bẹ́líìtì dúdú, ọdún 1924 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Bẹ́líìtì dúdú tí sensei yín fi ń dẹ́rù bà yín bí ẹni pé ọ̀run ló ti já bọ́, kò tíì pé 150 ọdún láyé. Kano sì fi í lélẹ̀ pé èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé ara wa ṣánlẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ jèrè. Ẹ fi ìyẹn wọn ẹni tó ń dá jẹ ẹ́ láti ọdún yìí wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe júdò, ẹ rántí ìgbà tí wọ́n kọ́ yín ní fífúnni lọ́rùn. Apá ẹnìkejì yín wọ abẹ́ àgbọ̀n, kọ́là gi fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọrùn, etí ń hó, ojú fẹ́ máa ṣú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹní lẹ́ẹ̀mejì, àmì pé ó tó, apá náà sì tú lójú ẹsẹ̀. Kò bi yín pé kí ló dé. Kò ní kí ẹ fara dà á díẹ̀ sí i. Òfin yìí la fi lè gbé ọrùn wa lé ara wa lọ́wọ́, ká sì jọ rìn lọ sílé lálẹ́. (Ìjàkadì tiwa náà kò yàtọ̀: bí ẹ̀yìn bá ti kan ilẹ̀, ìjà parí.)

Sensei yín mọ òfin náà, òun ló kọ́ yín. Nígbà tí ẹ sọ fún un pé kò sówó lọ́wọ́ ìyá yín mọ́, ẹ lu ẹní. Nígbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ jókòó kàwé nítorí WAEC, ẹ lu ẹní. Kò tú apá. Júdò fúnra rẹ̀ ló ti dá a lẹ́bi, èmi kàn ń tún un sọ ni. Kí ni ẹ wá ń bá júdò jà sí? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ju owó lọ. Bó bá jẹ́ pé ara yín ló fọwọ́ kàn níbi tí kò yẹ, ẹ sọ fún àgbà tó máa gbà yín gbọ́, kí ẹ jọ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, Mirabel Centre wà ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, láti 2013. Iṣẹ́ wọn ni láti tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò. Ẹ̀bi yín kọ́, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́.

Bí ọkàn yín bá tún fà sí eré ìjà ní gbọ̀ngàn mìíràn, ẹ má wọ gi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ lọ jókòó, ẹ máa wò. Ẹ wo ọmọ tó kéré jù níbẹ̀, bóyá ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ dúró títí ẹnì kan á fi sọ pé orúnkún ń dun òun, kí ẹ wo ohun tí olùkọ́ máa ṣe. Ẹ béèrè gbogbo owó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ bi í ta ló kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ gidi kì í pẹ́ dárúkọ ọ̀gá rẹ̀. Fún ẹ̀yin oní-taekwondo, eré ìjà àwọn ará Kòríà, nọ́ńbà máa ń wà lára ìwé ẹ̀rí dan tí Kukkiwon, olú ilé taekwondo ní Seoul, bá fúnni, a sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti dan kìíní sí ìkejì, ó kéré tán ọdún 1. Ìkejì sí ìkẹta, ọdún 2. Ìkẹta sí ìkẹrin, ọdún 3. Ẹni tó bá ní òun á fún yín ní gbogbo rẹ̀ kí ọdún tó yí po, ọjà ló ń tà.

Ẹ má sì ní ọjọ́ ti lọ. Ọmọ ọdún 18 ni Israel Adesanya tí wọ́n bí l'Ékòó kó tó bẹ̀rẹ̀ kickboxing, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀, ní New Zealand, bẹ́líìtì olúborí UFC, ìdíje ìjà àgbáyé, sì wà nídìí rẹ̀ ní 2019.

Àwọn àgbà bíi tèmi á wá bá yín. Wọ́n á ní olùkọ́ yín ṣáà ni, ẹ lọ dọ̀bálẹ̀, ẹ lọ kúnlẹ̀, kó má baà fi yín gégùn-ún. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ kí i, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Àfi ẹni tó fọwọ́ kàn lára, onítọ̀hún ò jẹ ẹ́ ní ìkíni pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kọ́. Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ ọn, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ má lọ, kí wọ́n wá bá mi nílé.

Bàbá yín ni.