Owó gbèsè ni kí wọ́n dì mú, kì í ṣe gbogbo àkáǹtì

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà ràìnràìn ní láìnì wa ní Gbági níbí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e jáde, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ pé kóòtù lè na ọwọ́ wọnú báńkì kó mú owó èèyàn láìjẹ́ pé onítọ̀hún fọwọ́ sí ìwé kankan. Gáníṣíì làwọn lọ́yà ń pè é. Bó ṣe ń lọ ni pé o jẹ mí lówó, mo pè ẹ́ lẹ́jọ́, adájọ́ dá mi láre, o ò san, mo wá padà lọ bá adájọ́ pé owó ẹ wà ní báńkì báyìí, adájọ́ á pàṣẹ kí báńkì di owó yẹn mú ná kó sì wá sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò bá sí àwíjàre, ó di kí báńkì kó o fún mi tààrà. Ọ́dà àkọ́kọ́ ni nisi, ìkejì ni absolute. Láyé àtijọ́ ológò ni wọ́n ń rán síni, á wá jókòó síwájú ilé, á máa ṣépè, á máa bú tọmọ tìyàwó, kò sẹ́ni tí ò ní gbọ́ ládùúgbò. Tòde òní ò lariwo, kọ̀ǹpútà ló ń dógò.

Ẹ má rò pé mo ń gbèjà onígbèsè o. Èmi náà ń tajà àwìn, mo mọ bó ṣe ń ka èèyàn lára kéèyàn pàdé oníbàárà lóde àríyá, kó wọ léèsì ẹ tí ò tíì san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, kó tún máa náwó fún onífújì. Kí onígbèsè san gbèsè ẹ̀. Ibi tó ń dùn mí ni bí báńkì ṣe ń ṣe é.

Bàbá kan ló ń gba àjọ lọ́wọ́ wa, wọ́n tún ń ta bàtà. Wọ́n gbọjà àwìn, owó ẹ̀ ò tó mílíọ̀nù kan, ọjà ò tà, olówó gbé wọn lọ sí kóòtù, wọ́n ò yọjú, wọ́n ní ọmọ àná lẹni náà, kí ló fẹ́ fàwọn ṣe. Ẹjọ́ téèyàn ò bá lọ, ẹni tó lọ ló máa jàre ẹ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí ọ́dà dé báńkì, gbogbo àkáǹtì ni wọ́n tì pa, kì í ṣe iye tí kóòtù dá nìkan, bẹ́ẹ̀ owó àjọ wa wà nínú ẹ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ wọn náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ kí ìyá kan kó àjọ kó fi lọ ra ọjà l'Ékòó ló là sí wa létí. Bàbá ṣe tíráńsífà, kò lọ, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, wọ́n kọjá sọ́dọ̀ ọmọ oní-POS, káàdì ò fowó sílẹ̀, ìyá yẹn jókòó lé báàgì ìrìnàjò ẹ̀, ó kàn ń wojú wọn. Wọ́n dé báńkì, ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní "Bàbá, ọ́dà kóòtù ló wà lórí ẹ̀." Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn rí ìwé ọ̀hún, ó ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà àwọn l'Ékòó. Òun náà ò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dá a lẹ́bi.

Òfin ò ní kí wọ́n ṣe é báyẹn. Sheriffs and Civil Process Act, abala 83, sọ pé ẹ̀dà ọ́dà nisi gbọ́dọ̀ tẹ báńkì lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ onígbèsè fúnra ẹ̀ lọ́wọ́, ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú ọjọ́ tí kóòtù máa jókòó lé e. Àárín ọjọ́ yẹn lèèyàn lè lọ fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí wọn ò bá fún ẹ níwèé ìpẹ̀jọ́ rí, o lè bẹ adájọ́ pé kó wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn. Tí o jẹ owó lóòótọ́ àmọ́ tí apá ò ká a lẹ́ẹ̀kan, o lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó o máa san án díẹ̀díẹ̀. Tí owó tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ tẹlòmíì, bíi tàjọ yìí, kó ìwé tó o fi ń kọ orúkọ àwọn aláàjọ lọ, má fẹnu lásán sọ ọ́.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ lọ́yà là mí lóye pé ọwọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́dà ló wà. Tí wọ́n bá kọ iye owó sí i, iye yẹn náà ló yẹ kí báńkì yà sọ́tọ̀, kí aláàkáǹtì máa ná ìyókù. Tí wọ́n bá kàn kọ ọ́ gbàgàdà pé gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ báńkì, ẹ̀rù á ba báńkì, á ti ilẹ̀kùn pa, torí tó bá jẹ́ kí owó yẹn jáde, àpò ara ẹ̀ ni wọ́n lè ní kó ti san án. Olówó tí ò sì mọ báńkì tó ò ń lò, gbogbo báńkì tó bá ti rántí orúkọ ẹ̀ ló máa kó sínú ìwé, gbèsè kan, báńkì mẹ́rin á tì ẹ́ mọ́ta. Tó bá wá jẹ́ owó ìjọba ló wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Abala 84 ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Attorney General. Ìyá oníléèsì ò ní Attorney General.

Ẹ má fi èyí pe GSI, ìyẹn Global Standing Instruction, tí CBN gbé dé lọ́dún 2020 o, ìyẹn ò kan kóòtù, owó téèyàn yá ní báńkì tó sì buwọ́ lùwé ẹ̀ ni, BVN ni wọ́n fi ń tọpa owó ẹ̀ dé báńkì míì. Ti ọlọ́pàá náà yàtọ̀, òfin ọlọ́pàá ti 2020 ò fàyè gba kí wọ́n mú èèyàn torí gbèsè lásán.

Àwọn kan gba Bàbá nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣí àkáǹtì míì lórúkọ ìyàwó. Mo ní kí wọ́n má dán an wò, torí kóòtù lè pe èèyàn kó wá búra kó ka ohun tó ní, ẹni tó bá sì lówó tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e pamọ́, ẹ̀wọ̀n wà nínú ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Àwọn àgbà ọjà ló bá wọn lọ bẹ olówó, wọ́n jọ fẹnu kò lórí iye tí wọ́n á máa san lóṣooṣù, lọ́yà olówó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e padà lọ bá adájọ́ ní Ìyágankú kó tó tú àkáǹtì sílẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn owó ọwọ́ la fi ń náwó, ìyá yẹn sì yáwó élé lọ s'Ékòó.

Ẹ bá wa bẹ Chief Judge wa ní Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ sí ọ́dà tí kò bá sí iye owó nínú ẹ̀. Báńkì tó ń fi mẹ́sééjì kí mi lọ́jọ́ ìbí, ṣé kò wá lè tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ pé ọ́dà dé? Ẹ sì bá wa bi lọ́yà tó ń kọ̀wé fún yín, ṣé a lè ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́ àjọ, kó má jẹ́ ti ẹnì kan mọ́, ìwé wo ni báńkì máa gbà lọ́wọ́ wa? Kẹ́ ẹ bá wa tètè gbé ìdáhùn ẹ̀ jáde jọ̀ọ́, èmi ló kàn láti kó àjọ lóṣù tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oníléèsì, Gbági, Ìbàdàn